Hameln: Afunfèrè Ti Wà Tipẹ́ Kí Eku Tó Dé

Kò sí eku kankan nínú ìtàn Afunfèrè Hameln nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ohun tí a gbọ́ láti kékeré ni pé eku dààmú ìlú, afunfèrè kan wá kó wọn lọ sínú odò, àwọn ará ìlú kọ̀ wọn ò sanwó iṣẹ́ rẹ̀, ló bá fi ìbínú fun fèrè mìíràn, ó sì kó àwọn ọmọ wọn lọ. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n apá tó dùn jù níbẹ̀ kì í ṣe ti àwọn ará Hameln. Àlejò ló fi kún un.

Etí odò Weser ni Hameln wà, ní ìpínlẹ̀ Niedersachsen ní àríwá Jámánì. Ìlú kékeré ni, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 57,000 lọ. Odò kékeré kan tó ń jẹ́ Hamel ló ń ṣàn wọ Weser níbẹ̀, ara rẹ̀ ni ìlú ti rí orúkọ. Láyé àtijọ́, Quernhameln ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn ọlọ tí omi ń yí. Ọkà tí wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀ ló sọ ìlú di ìlú, òkúta ọlọ sì wà nínú àmì ìlú títí dòní. Ó dájú pé eku ò ní ṣọ̀wọ́n níbi tí ọkà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kó ṣe wá ní kàyéfì pé àwọn onílùú gan-an ò dárúkọ wọn.

Ẹ̀rí tó dàgbà jù ni fèrèsé aláwọ̀ mèremère kan tí wọ́n fi sí Marktkirche, ṣọ́ọ̀ṣì ọjà, ní nǹkan bí ọdún 1300. Ọdún 1284 ni wọ́n sọ pé àwọn ọmọ náà lọ. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ṣì ń wá jọ́sìn lábẹ́ fèrèsé ọ̀hún. Ó ti parẹ́ láti 1660, àkọsílẹ̀ àwọn tó rí i ló kù. Tèmi ni pé kò sí ìlú tó máa náwó rẹpẹtẹ lé dígí ṣọ́ọ̀ṣì lórí àlọ́ ìjàpá.

Ìwé Lüneburg, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lüneburg ní Jámánì pè, ló tẹ̀ lé e, òun ni mo sì gbẹ́kẹ̀ lé ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹnì kan ló fi èdè Látìnì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mìíràn láàárín 1430 sí 1450. Kò sẹ́ni tó fiyè sí i títí Heinrich Spanuth fi ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1936. Ẹ gbọ́ bó ṣe wí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1284, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún gba orí afárá, ó gba ẹnubodè Weser wọlé. Ó lẹ́wà, aṣọ ọrùn rẹ̀ dára débi pé gbogbo ojú ló ń wò ó. Fèrè fàdákà ló mú lọ́wọ́. Ó fun ún yí ìlú ká, ni àwọn ọmọ tó gbọ́ ọ bá tẹ̀ lé e, àwọn 130. Ẹnubodè ìlà-oòrùn ni wọ́n gbà jáde, wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń bẹ́ orí ọ̀daràn, ibẹ̀ ni wọn ò ti rí wọn mọ́. Àwọn ìyá sáré láti ìlú dé ìlú, wọ́n bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Òǹkọ̀wé náà rántí ohùn tí a gbọ́ ní Rama nínú Bíbélì. Ó wá fi kún un pé ìyá olórí àlùfáà Johann von Lude fojú ara rẹ̀ rí àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n ń lọ.

Ọjọ́ orí ọkùnrin náà wà níbẹ̀, aṣọ rẹ̀, ẹnubodè tó gbà wọlé àti èyí tó gbà jáde, àti ẹlẹ́rìí tí a mọ ọmọ rẹ̀. Eku ò sí níbẹ̀. Ìjà owó ò sí níbẹ̀.

Lọ́dún 1556, nígbà tí wọ́n kọ́ ẹnubodè tuntun, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí òkúta rẹ̀ pé ọdún 272 ti kọjá tí pidánpidán kan ti kó ọmọ 130 jáde nílùú. Kò sí eku. Ilé aláràbarà tí wọ́n kọ́ ní 1602 sí 1603, tí gbogbo ayé ń pè ní Rattenfängerhaus, ìyẹn ilé apeku, ní àkọlé tirẹ̀ lára ògiri ẹ̀gbẹ́: lọ́jọ́ Johanu àti Paulu, ìyẹn ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, afunfèrè kan tó wọ aṣọ oríṣiríṣi àwọ̀ tan ọmọ 130 tí a bí ní Hameln lọ, wọ́n sì sọnù lẹ́bàá Koppen, ìyẹn òkè. Mo ka àkọlé náà lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Ilé apeku tí kò ní eku!

Ta ló wá kó wọn wọlé? Ní nǹkan bí 1565, Froben Christoph von Zimmern, ìjòyè kan ní gúúsù Jámánì lọ́hùn-ún, fi wọ́n sínú ìwé ìtàn ìdílé rẹ̀. Ìtàn apeku oníṣẹ́ ìyanu ti wà lọ́tọ̀ káàkiri Yúróòpù, wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti Hameln ni.

Níbo wá ni àwọn ọmọ náà lọ? Ní ọ̀rúndún yẹn, àwọn olóyè tó gba ilẹ̀ ní ìlà-oòrùn ń wá ẹni tó máa gbé ibẹ̀. Wọ́n ń rán alágbàtà kiri tó ń ṣèlérí oko àti ọdún díẹ̀ láìsan ìṣákọ́lẹ̀. Bí alágbàtà bẹ́ẹ̀ bá dé, yóò múra dáadáa, yóò sì wá ohun tí yóò fi pe èrò. Ìwé àtijọ́ pe àwọn tó lọ ní ọmọ Hameln, ṣùgbọ́n ọmọ ìlú lè jẹ́ àgbàlagbà onírùngbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìbàdàn ṣe lè jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún. Lójú tèmi, àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ilẹ̀ nílé ló tẹ̀ lé e.

Jürgen Udolph, onímọ̀ orúkọ ìlú, ló fẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Orísun odò Hamel wà ní abúlé Hamelspringe. Lọ sí Uckermark, ní àríwá Berlin, wàá bá abúlé kan tó ń jẹ́ Hammelspring, níbi tí odò Hamel ò sí. Beverungen wà lórí Weser; ní Prignitz, agbègbè kan ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Berlin, Beveringen wà. Ẹni tó bá ṣí lọ a máa gbé orúkọ ilé rẹ̀ dání. Láti ìgbà tí àwọn ìjòyè àríwá Jámánì ti ṣẹ́gun àwọn ará Denmark ní Bornhöved lọ́dún 1227 ni ọ̀nà apá ibẹ̀ ti là fún wọn.

Àwọn mìíràn ní Moravia, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, ni wọ́n lọ, pé Bruno von Schaumburg, bíṣọ́ọ̀bù Olomouc tó jẹ́ ọmọ agbègbè Weser, ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Bruno kú ní 1281. Ta ló wá rán afunfèrè níṣẹ́? Àwọn tó ní àjàkálẹ̀ àrùn ni gbàgbé pé Ikú Dúdú kò dé Jámánì títí di nǹkan bí 1349. Ogun Sedemünder ọdún 1260 pa ọ̀pọ̀ ará Hameln lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún 24 ló fi ṣáájú, ẹnikẹ́ni ò sì fun fèrè níbẹ̀. Ogun àwọn ọmọdé ti 1212, èyí tí wọ́n ní ọmọdé kó ara wọn jọ láti lọ sí Jerúsálẹ́mù, kò yẹ ní jíjiyàn lé lórí.

Ẹ̀gbẹ́ Rattenfängerhaus ni òpópónà tóóró kan wà, Bungelosenstraße, òpópónà aláìnílù. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ọmọ náà gbà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lùlù tàbí jó níbẹ̀. Bí ìyàwó bá ń kọjá tòun ti olórin, orin á dákẹ́ títí wọn á fi kọjá tán. Wọ́n tún máa ń sọ pé ọmọ méjì padà wálé: ọ̀kan fọ́jú, ó lè sọ bó ṣe lọ ṣùgbọ́n kò lè fi ibẹ̀ hàn, èkejì yadi, ó lè nàka síbẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè sọ nǹkan kan.

Ìyókù kò gùn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm, àwọn akójìtàn ará Jámánì, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1816, Robert Browning fi ṣe ewì lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1842, eku sì gba ìtàn náà pátápátá. Láti 1956 ni wọ́n ti ń ṣe é ní eré ìta gbangba lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níwájú Hochzeitshaus, ìyẹn ilé ìgbéyàwó. Ní 2014, Jámánì fi í sínú àkójọ àṣà ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, eku funfun tí wọ́n kùn sílẹ̀ ló máa mú yín yí ìlú ká, eku tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ṣe sì wà lórí àtẹ. Ẹ má jẹ ẹ́, ó le bí òkúta. Ẹ gba Osterstraße dé ìparí rẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn, apá ibi tí ẹnubodè náà wà nígbà kan.