Èèpo ọta bàálù ogun: láti inú àpò kanfáàsì padà sínú àgbá

Ọdẹ tó ń yin ṣakabùlà kò mọ wàhálà èèpo ọta. Á rọ ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn, á fi ọ̀pá kì í, á yìn ín. Kò sí kòròfo kankan tó ṣẹ́ kù tí yóò yọ dànù. Ìbọn arọ̀jò-ọta kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta kọ̀ọ̀kan ní èèpo idẹ tó gbé ẹ̀tù rẹ̀ dání, bí ọta bá sì ti lọ, èèpo gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà kí òmíràn tó wọlé. Lórí ilẹ̀, ta ló bìkítà nípa ibi tó já sí? Nínú bàálù, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ bàálù ajagun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn awakọ̀: Vickers F.B.5, D.H.2, F.E.2b. Wọn kò tíì ní ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ọta gba àárín abẹ̀bẹ̀ iwájú kọjá láìbà á jẹ́. Àwọn Jámánì ló kọ́kọ́ lò ó dáadáa lórí bàálù Fokker ní 1915. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà lẹ́yìn, ọta rí ọ̀nà lọ, ṣùgbọ́n èèpo kò rí. Èyí tó bá bọ́ lára ìbọn Lewis, afẹ́fẹ́ á gbá a lọ sẹ́yìn, ó di inú abẹ̀bẹ̀ onígi. Ohun tí wọ́n fi yanjú rẹ̀ ni àpò kanfáàsì tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìbọn kó máa gba èèpo. Àpò lásán!

Ti ìbọn Vickers tún yàtọ̀. Aṣọ ni bẹ́líìtì tó ń gbé ọta wọlé, bí ọta bá sì ti ń tán lára rẹ̀, á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́, á lọ́ pọ̀, á há. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, William de Courcy Prideaux, ló wá ṣe ìdè irin kéékèèké tí ọta fúnra rẹ̀ so pọ̀: bí ọta bá ti jáde, ìdè á tú. Bẹ́líìtì kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n ní láti dà nù ti di méjì, èèpo àti ìdè.

Nígbà tó fi máa di 1940, tí Ogun Àgbáyé Kejì ń jà, dídà á sílẹ̀ ti di àṣà. Spitfire, bàálù ajagun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìbọn Browning 8 sínú apá rẹ̀ méjèèjì, ọta 300 fún ìkọ̀ọ̀kan. Ìbọn kan lè yin nǹkan bí 1,150 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà, bí awakọ̀ kò bá gbé ọwọ́ kúrò, gbogbo 2,400 yóò tán kó tó ka oókan dé ogún. Abẹ́ apá ni èèpo àti ìdè ń gbà ya sílẹ̀ láti ihò tóóró. Ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọdé ń ṣà wọ́n nínú oko àti lójú títì. Èèpo yẹn kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6. Ìdí rẹ̀ ní etí pẹlẹbẹ, etí yìí ni èékánná irin inú ìbọn ń fà kó tó yọ ọ́ jáde. Ẹni tó bá dojú ìdí rẹ̀ sókè á rí ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ìbọn ti gún un, àti lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí i: K fún ilé iṣẹ́ Kynoch ní Birmingham, RG fún ti Radway Green.

Lọ́dún yẹn kan náà, èèpo dójú ti àwọn ẹnjiníà. RAF, ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ ìbọn tó tóbi jù Browning lọ, wọ́n mú Hispano oní-mìlímítà-20. Àárín ẹ́ńjìnnì ni àwọn Faransé ṣe é fún, níbi tí kò ti lè mì. Apá Spitfire tínrín, agolo ọta 60 kò gbà níbẹ̀, ni wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ ìbọn lélẹ̀. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti dàrú nìyẹn. Èèpo tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ wá ń fò sí ẹ̀gbẹ́ nínú apá, á kọlu irin tó yẹ kó darí rẹ̀ sísàlẹ̀, á ta padà sẹ́nu ìbọn, ìbọn á há. Ikọ̀ awakọ̀ RAF tí wọ́n ń pè ní Ikọ̀ 19 ni wọ́n fún ní bàálù wọ̀nyí láti fi jà. Nígbà mìíràn, ìbọn kan á há, ìkejì á máa yìn, bàálù á sì yà kúrò lójú àfojúsùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àwọn awakọ̀ ní kí wọ́n dá Spitfire oníbọn 8 padà fún àwọn, wọ́n sì dá a padà. Èmi ò dá wọn lẹ́bi: ìbọn kékeré tó ń yìn sàn ju ńlá tó há lọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbé Hispano dúró bó ṣe yẹ, wọ́n sì fi bẹ́líìtì rọ́pò agolo.

Èèpo tó bọ́ sílẹ̀ náà kì í lọ lófo. Nínú ọ̀wọ́ B-17, bàálù ajubọ́ǹbù tí àwọn Amẹ́ríkà ń kó lọ sí Jámánì nígbà ogun yẹn, èèpo ẹni iwájú máa ń ba ẹni ẹ̀yìn.

Bàálù jẹ́ẹ̀tì, tí eré rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, sọ ọ̀ràn náà di ńlá. Lára Hawker Hunter, tó gbé ìbọn ADEN oní-mìlímítà-30 mẹ́rin, ìdè irin ń lu abẹ́ bàálù fúnra rẹ̀, ni wọ́n bá fi kókó méjì sábẹ́ imú rẹ̀ láti máa gbà wọ́n. Àwọn ọmọ ogun sọ kókó náà ní Sabrina, orúkọ òṣèré obìnrin kan tí àyà rẹ̀ gbayì nígbà yẹn. Ìwà ọmọkùnrin!

A-10, bàálù ajagun ti Amẹ́ríkà, kì í da èèpo kankan sílẹ̀. Ìbọn rẹ̀ ń kó ọta 1,174, bó bá sì ti yìn, èèpo á padà sínú àgbá tó ti wá, kó má baà wọ ẹ́ńjìnnì tàbí kó lu ara bàálù. Nígbà tó bá balẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ki ọta tuntun fún un ló ń gba èèpo kúrò lẹ́sẹ̀ kan náà.