Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ nínú ara ènìyàn

Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ni ètò tí ọkàn fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì ń padà wá bá ọkàn láìsinmi, láti ìgbà tí ọmọ ti wà nínú oyún títí dọjọ́ ikú. Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di ètò yìí: ọkàn, ẹ̀jẹ̀, àti àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹ̀dọ̀fóró, ìfun, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọpọlọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń gba ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, òun náà ló sì ń bá wọn kó ìdọ̀tí wọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ẹ̀yà ara ṣe so kọ́ra, kó tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ọkàn

Inú igbá-àyà ni ọkàn wà, láàrin ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, lẹ́yìn eegun àárín àyà. Ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí òsì, ibẹ̀ la sì ti ń gbọ́ ọ jù bó ṣe ń lù, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé apá òsì nìkan ló wà. Ọkàn àgbàlagbà tóbi tó ìkúùkù rẹ̀, ó sì wọ̀n tó nǹkan bíi 300 gíráàmù. Ẹran ni, àmọ́ kì í ṣe irú ẹran tó wà ní apá tàbí itan. Ẹran apá ń dúró de àṣẹ ẹni tó ni ín. Ti ọkàn ń pàṣẹ fún ara rẹ̀. Ìdì kékeré kan wà ní òkè apá ọ̀tún rẹ̀ tó ń tan iná mànàmáná fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kálẹ̀ nígbà gbogbo, iná yìí ló sì ń mú kí ẹran náà sún kì. Arthur Keith àti Martin Flack ló ṣàpèjúwe ìdì náà ní ọdún 1907. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ á máa lù ní ìgbà 60 sí 100 láàrin ìṣẹ́jú kan, èyí tó máa ń tó nǹkan bíi 100,000 ìgbà lójúmọ́. Ti ọmọ tuntun yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sábà máa ń ju 120 lọ láàrin ìṣẹ́jú kan.

Ìyẹ̀wù mẹ́rin ni inú ọkàn pín sí, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ògiri ẹran kan sì la àárín ọ̀tún àti òsì. Ẹ̀jẹ̀ tó ti kárí ara tó sì ti já ọ́ksíjìn rẹ̀ sílẹ̀ á wọ ìyẹ̀wù òkè ti apá ọ̀tún, á sọ̀ kalẹ̀ sí ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ ti apá ọ̀tún, ibẹ̀ ni ọkàn ti ń tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá ti gba ọ́ksíjìn tuntun níbẹ̀, á padà sí ìyẹ̀wù òkè ti apá òsì, á sọ̀ sí ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ ti apá òsì, kó tó bọ́ sínú iṣan ńlá tó ń pín in fún gbogbo ara. Ìyẹ̀wù ìkẹyìn yìí ni ògiri rẹ̀ nípọn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìlẹ̀kùn mẹ́rin, tí a fi awọ tín-ín-rín ṣe, ló ń ṣí tó sì ń pa dé nínú ọkàn kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Ìró méjì-méjì tí dókítà ń gbọ́ nígbà tó bá fi ẹ̀rọ sí wa láyà, ìró ìlẹ̀kùn tó ń pa dé ni. Bí ìlẹ̀kùn kan bá ń jò, tàbí tí kò ṣí dáadáa, ìró mìíràn á wọ àárín rẹ̀, etí dókítà tó mọṣẹ́ á sì mú un. René Laennec ló ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ ní Paris ní ọdún 1816, bébà tó ká róbótó ló kọ́kọ́ fi gbọ́ àyà aláìsàn.

Ẹ̀jẹ̀ tó kún inú ọkàn kọ́ ló ń bọ́ ẹran ọkàn fúnra rẹ̀. Iṣan méjì tó yọ ní ìdí iṣan ńlá ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ọ̀rá bá dì mọ́ ògiri inú wọn títí ọ̀nà fi dí, apá ẹran tí iṣan náà ń bọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàrin wákàtí díẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí bí ìrora bá gbá ènìyàn mú láàárín àyà, tó tàn dé apá òsì tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù sì bò ó. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà ní wákàtí náà.

Àwọn iṣan

Iṣan àlọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, iṣan àbọ̀ ń gbé e padà. Àwọn kan máa ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé pé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́ksíjìn ló wà nínú iṣan àlọ, èyí tí kò ní ló wà nínú iṣan àbọ̀. Ìyẹn kò tọ̀nà tán, nítorí iṣan àlọ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tí ọ́ksíjìn rẹ̀ ti dín kù ló ń gbé. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ la fi ń ya iṣan méjèèjì sọ́tọ̀. Bákan náà, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ní àwọ̀ aró nínú ara ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń padà bọ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ ni, èyí tó ń lọ pupa fòò.

Ògiri iṣan àlọ nípọn, ó sì ń fà, torí ipá ńlá ni ẹ̀jẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, yóò mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń sọ. Iṣan àbọ̀ fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn ti ẹsẹ̀, ìlẹ̀kùn kéékèèké wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn padà sísàlẹ̀, ẹran ojúgun ló sì ń fún un lọ sókè nígbà tí a bá ń rìn. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ fi máa ń wú fún ẹni tó jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ láìdìde.

Láàrin àlọ àti àbọ̀ ni iṣan wẹ́wẹ́ wà. Wọ́n tín-ín-rín débi pé hóró ẹ̀jẹ̀ pupa á tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó tó lè kọjá nínú wọn. Inú wọn ni iṣẹ́ gidi ti ń ṣẹlẹ̀: ògiri wọn fẹ́lẹ́ tó láti jẹ́ kí ọ́ksíjìn àti oúnjẹ bọ́ sínú ẹran ara, kí ìdọ̀tí sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ni nọ́ọ̀sì máa ń wọ̀n nígbà tó bá wé aṣọ mọ́ni lápá. Nọ́ńbà méjì ló máa ń sọ: ti òkè ni ti ìgbà tí ọkàn sún kì, ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tó dẹ̀. Èyí tó wà ní àyíká 120 lórí 80 dára fún àgbàlagbà. Bó bá ń dé 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn níbì kan kan, ó sì lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún tí yóò máa ba ọkàn, kíndìnrín àti iṣan ọpọlọ jẹ́. Òun ni olórí ohun tó ń fa àrùn rọpárọsẹ̀. Nítorí náà, wíwọ̀n nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n, kò yẹ kí a dúró de orí fífọ́.

Bí a ṣe mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń yípo

Fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, ẹ̀kọ́ Galen ni àwọn oníṣègùn Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá tẹ̀ lé. Galen, tó ṣiṣẹ́ ní Róòmù ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì, kọ́ni pé inú ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, pé ara ń jẹ ẹ́ tán, ẹ̀dọ̀ á sì tún ṣe òmíràn, àti pé àwọn ihò tí ojú kò rí wà nínú ògiri àárín ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Ibn al-Nafis, oníṣègùn tó gbé ní Cairo, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ihò kankan níbẹ̀, pé ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá láti ọ̀tún sí òsì.

William Harvey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ẹ̀rí ti ìyípo náà lẹ́yìn ní ọdún 1628. Ìṣirò ni ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò rẹ̀. Ó wo iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan, ó fi iye ìgbà tí ọkàn ń lù pọ̀ ọ́n, ó sì rí i pé láàrin wákàtí kan péré, ohun tó ń jáde ti pọ̀ fíìfíì ju gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára lọ. Kò sí oúnjẹ tó lè pèsè iye yẹn. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló gbọ́dọ̀ máa padà bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè fi hàn ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ré kọjá láti iṣan àlọ sí iṣan àbọ̀. Marcello Malpighi rí i ní ọdún 1661, nígbà tó fi ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi wo ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́. Harvey ti kú ní ọdún mẹ́rin ṣáájú.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń yà sí

Ní ìsinmi, ọkàn ń ti nǹkan bíi lítà 5 jáde láàrin ìṣẹ́jú kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó ń já kábọ́nì-dàyọ́ksáídì sílẹ̀ fún wa láti mí síta. Èyí tó gba ìfun kékeré kọjá kì í lọ tààrà sọ́dọ̀ ọkàn: iṣan pàtàkì kan ló ń kó o lọ sí ẹ̀dọ̀ kọ́kọ́, kí ẹ̀dọ̀ lè kó ṣúgà pamọ́, kó sì sọ oró inú ohun tí a jẹ tàbí tí a mu di aláìlágbára. Ọtí àti àgbo tó le máa ń pa ẹ̀dọ̀ lára ṣáájú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn, torí òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bá pàdé.

Kíndìnrín méjèèjì kéré, síbẹ̀ nǹkan bíi ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ọkàn tì jáde ló ń yà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń sẹ́ nǹkan bíi 180 lítà omi lára ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù padà, lítà kan sí méjì péré ló ń di ìtọ̀. Àwọn náà ló ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú eegun pé kó ṣe hóró ẹ̀jẹ̀ pupa sí i, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í fi í tó. Ọpọlọ ní tirẹ̀ kò ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bíi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́ksíjìn ara ló ń lò. Kò lè fi ọ́ksíjìn pa mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ènìyàn á dákú.

Ẹ̀jẹ̀ àti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde

Ó lé ní ìdajì ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ omi aláwọ̀ ìyeyè, tó gbé iyọ̀, ṣúgà àti oríṣiríṣi purotéènì dání. Ìyókù ni àwọn hóró: àwọn pupa tó ń gbé ọ́ksíjìn, àwọn funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, àti àwọn wẹ́wẹ́ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Mùdùnmúdùn inú eegun ìbàdí, ẹfọ́nhà, eegun ẹ̀yìn àti eegun àyà ló ń ṣe wọ́n. Hóró pupa kan ń lò tó 120 ọjọ́ kí ara tó tú u ká. Ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ A, B àti O ni Karl Landsteiner ṣàwárí ní ọdún 1901. O ló wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà.

Inú hóró pupa ni hẹmoglóbìnì wà, ohun tó ń di ọ́ksíjìn mú. Jínì tí a fi ń ṣe é, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ni a ń yẹ̀ wò tí a bá ní jẹ́nótáìpù AA, AS, SS, AC tàbí SC. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin A àti S kò tó nǹkan: ẹyọ ásíìdì amínò kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú àwọn ẹyọ tí a fi ń to purotéènì, ló yí padà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹyọ kan yìí ń fà ni pé bí ọ́ksíjìn bá ti dín kù, hẹmoglóbìnì S á so mọ́ra wọn, hóró róbótó á sì tẹ̀ bíi dòjé. Irú hóró bẹ́ẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Ó tún ń há sínú iṣan wẹ́wẹ́, ibi tó bá há sí á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ènìyàn gidigidi, pàápàá eegun àti oríkèé. Òtútù, òùngbẹ, ibà àti àárẹ̀ máa ń ru ú sókè. Àìsàn yìí ni Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan sì gbà pé òun ló pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú láyé àtijọ́.

AS kì í ṣe àìsàn. Ní ọdún 1954, Anthony Allison fi hàn láti inú iṣẹ́ tó ṣe ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà pé AS ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà málárià tó ń pani. Ibi tí ibà ti pọ̀ ni jínì S ti pọ̀ fún ìdí yìí. Bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló ní AS. Òwò ẹrú gbé e dé Brazil, Kúbà àti Amẹ́ríkà. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ṣíṣeéṣe pé ọmọ yóò jẹ́ SS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, láìka ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oyún tó ṣáájú sí. Bí àwọn méjì bá ti bí ọmọ mẹ́ta tí ara wọn le, ìyẹn kò dín ewu ẹ̀kẹrin kù. Ọ̀pọ̀ ìjọ ní Nàìjíríà báyìí ló ń béèrè èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so ọkọ àti aya pọ̀.

Oògùn hydroxyurea ń dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, mímu omi dáadáa àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà múni sì wà lára ìtọ́jú ojoojúmọ́. Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn lè wò ó sàn tí a bá rí ẹni tí tirẹ̀ bá ti aláìsàn mu, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ọmọ ìyá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń ṣàtúnṣe jínì nínú mùdùnmúdùn aláìsàn fúnra rẹ̀, Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnì kan, nígbà tó jẹ́ pé Áfíríkà ni a ti ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ní àìsàn náà.