Ríǹgì, Ríǹgì, Ṣáá Ni Ríǹgì

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí koríko ní Ifẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ láti Mọ́ọ̀rẹ̀ títí dé Lágeré: "Ẹ̀rọ ìgékoríko mi ń rú èéfín, ríǹgì ẹ̀ ti jẹ." Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Ríǹgì ni òrùka irin ara písítìnì tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì wọ ibi tí epo ti ń jó.

Èéfín dúdú àti èéfín funfun tó ta sí aró kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ẹni tó lójú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dúdú, epo ló pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé: ẹ wo fíltà afẹ́fẹ́ bóyá ó dí, ẹ wo ṣóòkù, ìlẹ̀kùn tó ń dín afẹ́fẹ́ kù, bóyá ó há. Èyí tó ta sí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Òun ni wọ́n fi ń dá ríǹgì lẹ́jọ́, láìbéèrè ibi tí ọ́ìlì gbà dé ìdí iná.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo fún, ọ́ìlì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́tọ̀, bí ìdajì lítà tàbí kó lé díẹ̀. Ihò kan wà tí ikùn rẹ̀ fi ń mí, ihò ọ̀hún sì já sí ilé fíltà. Bí ẹ bá wá fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà lélẹ̀ láti ha koríko kúrò lábẹ́ bíléèdì, tí fíltà àti kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọ́ìlì máa ṣàn gbà. Ẹ tan án, èéfín á bo àdúgbò. Bí ẹ bá rọ ọ́ìlì kọjá àmì ara ọ̀pá ìwọ̀n, bákan náà ni.

Báwo wá ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì? Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni, ní ìdùbúlẹ̀! Èéfín tó ṣe díẹ̀ nílé á wá dà bíi ti ẹni tó ń yan ẹja. Mẹkáníìkì á ní, "Bàbá, ẹ ò rí i bí?" Á tú u, á pààrọ̀ ríǹgì, á fọ fíltà, á rọ ọ́ìlì tuntun níwọ̀n. Èéfín dá. Ta ló gba oríyìn? Ríǹgì. Èmi náà ti san irú owó yẹn rí. Wọ́n kó ríǹgì àtijọ́ lé mi lọ́wọ́. Títí dòní, mi ò rí ohun tó ṣe é.

N ò ní ríǹgì kì í jẹ o. Bí ọ́ìlì bá wà níwọ̀n, tí fíltà mọ́, tí ẹ̀rọ dúró lórí táyà rẹ̀, tó sì ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú tí èéfín ò dá, ó lè jẹ́ ríǹgì. Ó sì lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì òkè, èyí tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wọn kọ̀mpúrẹ́ṣàn rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú, kí wọ́n tó tú u.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ha abẹ́ rẹ̀, kábúrétọ̀ ni kó kọjú sókè, kí epo má kún tánkì. Ẹ kọ́kọ́ fa wáyà orí pílọ́ọ̀gì yọ ná. Ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná lè ta jí bí ẹ bá fọwọ́ yí bíléèdì lásán.