Bí ẹni tí a jọ ń ṣòwò bá ń rẹ́ni jẹ lórí Google, ṣé kí a pariwo rẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí nígbà tí ìkànnì ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò kan náà bá gun orí tiwọn nínú èsì Google. Wọ́n á ní ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ àwọn pé ẹni náà ń ra líǹkì, ìyẹn ìtọ́ka láti orí ìkànnì mìíràn sí tirẹ̀, ṣé kí àwọn gbé e sí gbangba kí gbogbo ayé rí i? Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rí náà ránṣẹ́ sí Google, kí wọ́n má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni níta. Inú máa ń bí wọn sí ìdáhùn yìí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ìrẹ́jẹ gidi ni wọ́n rí.

Bí ẹ̀rí ẹnu ẹlẹ́rìí ni ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google máa ń ka líǹkì: bí àwọn ìkànnì mìíràn ṣe ń tọ́ka sí tiyín tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gbà pé ẹ yẹ ní fífọkàntán tó. Ẹni tó bá sanwó kí wọ́n lè tọ́ka sí òun, tí kò sì jẹ́ kó hàn pé ìpolówó ni, ẹlẹ́rìí èké ló bẹ̀ lọ́wẹ̀. Àwọn mìíràn a máa ṣe ojú-ìwé kan fún ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fi òmíràn han ènìyàn. Irú èyí ló mú kí Google yọ ìkànnì BMW ti Jámánì kúrò nínú èsì rẹ̀ ní ọdún 2006.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ẹ̀tàn lè hàn kedere kí ẹni tó ṣe é má hàn rárá. Ní oṣù kejì ọdún 2011, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ẹgbẹẹgbẹ̀rún líǹkì tó ń gbé ilé ìtajà J.C. Penney ga, Google sì já a wálẹ̀. Ilé ìtajà náà ní òun kò fọwọ́ sí i, ó sì lé àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ìṣàwárí lọ. Ọ̀tá pàápàá lè ra líǹkì burúkú kó sì tọ́ka wọn sí ìkànnì yín kí ẹ lè jìyà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2012 ni Google ti ṣe irinṣẹ́ tí ẹni tó ni ìkànnì fi lè ní kí wọ́n má ka irú líǹkì bẹ́ẹ̀ mọ́ òun lọ́rùn. Yorùbá ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá sì dárúkọ ẹlòmíràn ní gbangba ti dá ẹjọ́ náà kó tó gbọ́ ọ.

Ti èrè tún wà níbẹ̀. Akọ̀ròyìn kò bá J.C. Penney du oníbàárà, àmọ́ àwa ń du. Nígbà tí àṣírí líǹkì Rap Genius, ìkànnì ọ̀rọ̀ orin ráàpù, tú ní oṣù kejìlá ọdún 2013, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí Google ní gbangba tọ́ka sí líǹkì àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò. Ìyẹn kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyà, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi pòórá lójú-ìwé àkọ́kọ́ èsì.

Mo yọ ibi kan sílẹ̀. Bí ẹ̀tàn náà bá ń ṣe aráàlú léṣe, bí àpẹẹrẹ nọ́ńbà fóònù èké tó ń darí ènìyàn sọ́dọ̀ gbájúẹ̀, ìkìlọ̀ gbangba di dandan. Síbẹ̀, bí ó bá jọ pé wọ́n já wọ inú ìkànnì náà ni, ẹ kọ́kọ́ kàn sí ẹni tó ni ín, torí òun gan-an lè máà mọ̀.

Nínú ìjábọ̀ yín sí Google, ẹ kọ àdírẹ́sì ojú-ìwé náà, ohun tí ẹ rí níbẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ sì fi ẹni tí ẹ rò pé ó ṣe é sílẹ̀.