Òdòdó Tó Ń Dá Àjọ Òtútù

Wọ́n ń ta irúgbìn òdòdó kan lórí ẹ̀rọ ayélujára tí àwòrán rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn da gàrí Ìjẹ̀bú sórí àpáta: funfun, wẹ́wẹ́, ó bo gbogbo ojú òkúta. Arabis alpina ni orúkọ rẹ̀. Ìbátan kábééjì ni. Òkè Alps àti irú òkè bẹ́ẹ̀ ni ilé rẹ̀. Kì í ga, ilẹ̀ ló ń tẹ́ sí, ìgbà tí yìnyín bá ń yọ́ ló sì máa ń yọ òdòdó.

Gbígbìn rẹ̀ kò le: yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Kí ọ̀sán tó pọ́n, èèyàn á ti rí gbogbo ìyẹn rà ní Ìkòròdú.

Bí kò bá wá yọ òdòdó, oòrùn ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á gbé ike rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa bomi rin ín bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Ẹ̀sùn èké gbáà ni! Oòrùn orí òkè gíga mú ju ti Ìkòròdú lọ, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, kò lè dí i. Ewéko yìí kan náà ń hù lórí àwọn òkè gíga Etiópíà àti Kẹ́ńyà, ilẹ̀ tí oòrùn kì í ṣàlejò níbẹ̀. Òtútù ni kò rí.

Kì í sì í ṣe òtútù ọjọ́ kan. Ẹni tó bá mọ alájọ tó ń yí ọjà Sábọ̀ ká ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àlàfo 31, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Ó gbowó, ó fi báírò fa ìlà. Inú ewéko yìí náà, jíìnì kan (àṣẹ inú ara tí ohun abẹ̀mí ń jogún) tí wọ́n ń pè ní PEP1 ló jókòó sórí àpótí owó. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì lágbára, òdòdó kò gbọdọ̀ yọ. Ọjọ́ òtútù kọ̀ọ̀kan ń dín agbára rẹ̀ kù. Irú èyí tó wá láti Pajares ní Sípéènì ń fẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ní 4°C kí káàdì rẹ̀ tó kún dáadáa. Bí ooru bá tètè dé, PEP1 á tún jí, ibi tó ti fẹ́ di òdòdó á padà di ewé. Alájọ Sábọ̀ á kúkú yọ tiẹ̀, á dá ìyókù padà fún oníbàárà. PEP1 kò mọ irú àánú bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń yani lẹ́nu jù ni pé, lẹ́yìn tí owó bá ti bọ́ sọ́wọ́, káàdì tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lófìfo. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Max Planck ní Cologne, Jámánì, ló fi èyí hàn ní 2009. Bí ooru bá ti padà, PEP1 á tún gba ipò rẹ̀ nínú àwọn ẹ̀ka tí kò yọ òdòdó. Àwọn tó yọ ọ́ á so èso, wọ́n á gbẹ; àwọn yòókù á máa yọ ewé lọ títí òtútù ọdún tó ń bọ̀ á fi dé. Ọmọdé kì í sì í gba káàdì: ewéko tí kò tíì tó bí ọ̀sẹ̀ 5 nígbà tí òtútù bá dé kàn ń gbọ̀n lásán ni, kò kà á. Àgbàdo a máa ná gbogbo tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó kú. Èyí ń gbàgbé, ìgbàgbé yẹn ló sì ń mú un wà láti ọdún dé ọdún. Ká sòótọ́, ọgbọ́n inú rẹ̀ ju ti kíka ọjọ́ lọ.

Ọyẹ́ Ìkòròdú ńkọ́? Kì í sábà sọ̀kalẹ̀ dé 18°C. Báírò alájọ kò ní kan káàdì. Ó ku fíríìjì. Ike kékeré á wọ àárín ìgò omi àti tòmátò lóòótọ́, àmọ́ ewéko tútù ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, inú fíríìjì sì ṣókùnkùn. Iná kò sì gbọdọ̀ lọ pẹ́ fún oṣù mẹ́ta.

Àwọn irú kan wà tí PEP1 wọn ti bàjẹ́ láti ìran wọn. Wọn kì í dúró de òtútù kí wọ́n tó yọ òdòdó. Irú wọn ló yẹ kí ará Ìkòròdú máa wá, bí ooru òru ibí bá lè jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ara àpò irúgbìn kì í sábà sọ èyí tó wà nínú rẹ̀.