Púdìn ṣokoléètì tí kò kan iná: kì í ṣe àìdáná ló sọ ọ́ di oúnjẹ aṣaralóore

Ẹni tó bá lọ píà mọ́ ìyẹ̀fun kòkó àti oyin, tó gbé e sínú fíríìjì, tó sì pe ohun tó gbé jáde ní púdìn ṣokoléètì, kì í pẹ́ kó tó bu abọ́ kejì. Bi í léèrè, èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀: "Kò kúkú kan iná. Kò sí ṣúgà níbẹ̀. Gbogbo oore inú rẹ̀ ló ṣì pé." Gbólóhùn mẹ́ta ni. Méjì ìkẹyìn kò rí bẹ́ẹ̀, èyí àkọ́kọ́ pàápàá sì mẹ́hẹ, nítorí kòkó inú rẹ̀ ti rí iná tipẹ́ kó tó dé ilé ìdáná ẹnikẹ́ni.

Èmi náà fẹ́ràn púdìn yìí, n ò sì wá bà á jẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí mo ń bá jà ni ìgbàgbọ́ tó rọ̀ mọ́ ọn: pé iná ló ń ba oúnjẹ jẹ́, pé ohunkóhun tí a kò bá ti sè ti di oògùn. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń mú kí èèyàn máa da oyin sínú abọ́ bí ẹni da omi. Òun náà ló ń mú kí ẹlòmíràn po ẹyin àìsè mọ́ ọn fún ọmọdé, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí iná ń ṣe nínú púdìn tí a ń sè. Púdìn orí iná kò ju mílíìkì, ṣúgà, kòkó àti sítáàṣì àgbàdo lọ. Àwọn kan máa ń fi pupa ẹyin kún un. Po sítáàṣì mọ́ mílíìkì tútù, gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o wá wo ìdí ife: yóò ti rì síbẹ̀ bí ẹfun. Bí o bá mu ún, ẹfun náà ni yóò jọ lẹ́nu. Ìgbà tí ooru bá tó nǹkan bíi 62°C sí 72°C ni hóró sítáàṣì àgbàdo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, tí yóò wú, tí yóò sì há omi náà mọ́ inú. Bó bá kù díẹ̀ kó hó ni yóò wá ki dáadáa. Pupa ẹyin ní tirẹ̀ máa ń dì bí ooru bá tó 65°C sí 70°C.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ alásè kì í fura sí. Èròjà kan wà nínú pupa ẹyin tí wọ́n ń pè ní amylase, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé sítáàṣì wẹ́wẹ́. Bí ìkòkò kò bá hó dáadáa, èròjà náà kò ní kú, púdìn tó ki lálẹ́ yóò sì ti ṣàn bí omi nínú fíríìjì kó tó di ọjọ́ kejì. Ó ti ṣe mí rí. Mo tiẹ̀ rò pé ẹnì kan nínú ilé ló bu omi sí i.

Iṣẹ́ tí iná ń ṣe nìyẹn: ó ń mú kí púdìn ki, ó sì ń pa kòkòrò àìfojúrí. Kí ló wá ń bà jẹ́? Fítámì C máa ń dínkù lórí iná, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń torí fítámì C jẹ púdìn ṣokoléètì? Kò sí nínú sítáàṣì, ti inú kòkó kò tó sọ̀rọ̀ lé lórí, ti inú píà kò sì ju nǹkan bíi mílígíráàmù 10 nínú 100 gíráàmù. Ṣúgà tí a sè àti ṣúgà tí a kò sè, ṣúgà ni méjèèjì. Kò sí ìṣúra kan nínú abọ́ yẹn tí a ń sá fún iná nítorí rẹ̀.

Ibi tí oore púdìn àìdáná ti ń wá gan-an ni ohun tí a fi rọ́pò iná. Nígbà tí kò sí ooru tí yóò mú sítáàṣì wú, dandan ni ká wá nǹkan mìíràn tó lè ki fúnra rẹ̀, ó sì bọ́ sí i pé àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ní ohun tí sítáàṣì kò ní. Píà ni àkọ́kọ́. Nínú 100 gíráàmù ara rẹ̀, ọ̀rá tó nǹkan bíi gíráàmù 15, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá náà sì jẹ́ irú èyí tó wà nínú òróró ólífì. Fáíbà rẹ̀ tó gíráàmù 7. Bí bílẹ́ńdà bá ti lọ̀ ọ́ kúnná, ọ̀rá yẹn ló ń mú kí púdìn máa dán, kó sì máa yọ̀ lórí ahọ́n. Hóró chia, èso ewéko kan tó kéré bíńtín, lè fa omi tó tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀, yóò sì fi nǹkan yíyọ̀ bo ara rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo hóró náà ni fáíbà. Yógọ́ọ̀tì tó ki àti tófù rírọ̀, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà, ń mú purotéènì wá. Bí a bá yọ́ ṣokoléètì mọ́ ọn, ọ̀rá kòkó tó ń yọ́ ní nǹkan bíi 34°C yóò tún dì bó bá tutù.

Wá wò ó dáadáa, púpọ̀ nínú àwọn arọ́pò iná yìí ló ti bá iná pàdé. Wọ́n máa ń gbé mílíìkì kaná kí wọ́n tó sọ ọ́ di yógọ́ọ̀tì. Wọ́n máa ń se omi ẹ̀wà sóyà kó tó di tófù. Púdìn inú páálí tí a kàn ń po mọ́ mílíìkì tútù, tó sì ń ki lójú ẹsẹ̀, sítáàṣì rẹ̀ ni wọ́n ti sè ní ilé iṣẹ́, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀. Iná wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ló bá ọ dá a. Píà nìkan la lè sọ pé a mọ̀ọ́mọ̀ gbà lọ́wọ́ iná, kì í sì í ṣe torí ìlera: ńṣe ló máa ń korò bí ooru bá pọ̀ lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kòkó ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá la kòkó, wọn yóò kó hóró rẹ̀ jọ kó lè kan fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, ooru inú òkìtì náà a sì máa tó 45°C sí 50°C láìsí ẹni tó dáná. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sá a, wọn yóò sì yan án nínú ooru tó sábà máa ń wà láàárín 120°C sí 150°C. Ìyẹ̀fun kòkó inú ike rẹ ti la gbogbo èyí já. Àwọn kan wá ń ta irú èyí tí wọn kò yan, wọ́n ń sọ pé òun ló ní agbára jù. Yíyan máa ń dín flavanol kù, ìyẹn èròjà inú kòkó tí wọ́n ní ó ń ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ lóore, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkan tí wọ́n ń jẹ́ kó kan náà ń dín in kù, kòkó tí wọn kò yan pàápàá sì máa ń kan. Yíyan yẹn kan náà ló sì ń pa kòkòrò Salmonella tó lè wà lára èèpo hóró.

Ohun tó ń jẹ flavanol run jù kì í ṣe iná ilé ìdáná rárá. Ní ọdún 1828 ni ìdílé van Houten ní Amsterdam gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń fún ọ̀rá jáde lára kòkó, láti ibẹ̀ ni ìyẹ̀fun kòkó ti wá. Van Houten yìí náà ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọgbọ́n fífi èròjà bíi eérú tọ́jú kòkó kí ìkorò rẹ̀ lè rọlẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú. Ìtọ́jú yẹn ni ọ̀tá flavanol. Nítorí náà, kòkó tó dúdú kirikiri, tí adùn rẹ̀ rọ̀, tí ọ̀pọ̀ ń rò pé ó le jù, òun gan-an ló sábà máa ń ní flavanol tó kéré jù. Ẹni tó bá fẹ́ flavanol, kó wá èyí tí wọn kò tọ́jú bẹ́ẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀, ó sì máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu.

Kí ni a tilẹ̀ mọ̀ nípa flavanol yìí? Ní ọdún 2012, àjọ EFSA tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù gbà pé mílígíráàmù 200 lójúmọ́ lè ran iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kó má le. Ní ọdún 2023, àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa ọkàn sára páálí, àmọ́ kìkì fún ìyẹ̀fun kòkó tí flavanol inú rẹ̀ tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kéré gan-an. Kòkó tí a ń rà lójoojúmọ́ kò sí lára rẹ̀. Ìwádìí COSMOS tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 fún ìdajì nínú 21,442 àgbàlagbà ní mílígíráàmù 500 flavanol lójúmọ́. Bí wọ́n ṣe ka gbogbo ìṣòro ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ kò hàn kedere. Iye àwọn tí àìsàn bẹ́ẹ̀ pa nìkan ló dínkù. Nínú kápúsù sì ni wọ́n ti lo gbogbo rẹ̀, kì í ṣe nínú púdìn tó ní ṣíbí oyin mẹ́rin.

Oyin yẹn gan-an ni mo fẹ́ dé. "Kò sí ṣúgà níbẹ̀" ni irọ́ tó dùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2015, oyin, omi èso tí a fún àti oríṣiríṣi omi adùn wà nínú agbo kan náà pẹ̀lú ṣúgà tí a bù sí oúnjẹ. Wọ́n ní kí gbogbo rẹ̀ má ṣe tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ òòjọ́, kó sì dára bó bá lè wà nísàlẹ̀ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 50, tàbí 25. Ṣíbí ńlá oyin kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 21, gíráàmù 17 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ṣúgà. Ṣíbí ńlá ṣúgà kan kò ju gíráàmù 12 tàbí 13. Ṣíbí fún ṣíbí, oyin ló ní ṣúgà jù! Ìdí ni pé oyin wúwo.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò abọ́ kan. Píà tí ara rẹ̀ tó gíráàmù 150 jẹ́ kálórì 240. Ṣíbí ńlá kòkó mẹ́rin kò pé 50. Ìdajì ife mílíìkì jẹ́ bíi 75. Ṣíbí oyin mẹ́rin jẹ́ bíi 255. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 600 díẹ̀. Bí èèyàn mẹ́rin bá pín in, nǹkan bíi 155 péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, nǹkan tó dára ni. Bí ẹnì kan bá jẹ ìdajì rẹ̀ torí pé kò kan iná, nǹkan bíi 310 ti wọlé, pẹ̀lú ṣúgà bíi gíráàmù 34 láti ara oyin nìkan. Èso dàbínù odidi sàn díẹ̀ nítorí fáíbà rẹ̀ ń bá a wọlé, ṣùgbọ́n ṣúgà kún inú òun náà bámúbámú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ jẹ oyin rárá, nítorí irúgbìn kòkòrò botulism, àrùn tó ń rọ iṣan ara, tó lè wà nínú rẹ̀, èyí tí ooru ìkòkò lásán kì í pa.

Ẹyin àìsè àti ìyẹ̀fun àlìkámà àìsè, mo fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn méjèèjì lè gbé kòkòrò àrùn, alábòyún, ọmọdé àti arúgbó ló sì máa ń fara gbá a jù. Ẹni tí kò lè ṣe é láìsí ẹyin, kó lo irú èyí tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Màá fi omi gbígbóná díẹ̀ po ṣíbí ńlá kòkó mẹ́rin títí yóò fi rí bí ọ̀dà, nítorí omi gbígbóná ló ń tú òórùn kòkó sílẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín, ooru náà la tún padà lọ bá. Màá jẹ́ kó tutù, màá wá lọ̀ ọ́ mọ́ píà kan tó rọ̀ dáadáa, ìdajì ife mílíìkì, ṣíbí oyin méjì, fàníílà díẹ̀, àti iyọ̀ tí ìka méjì lè bù. Má fo iyọ̀ yẹn, òun ló ń bá wa pa ìkorò kòkó, tí oyin méjì fi lè tó dípò mẹ́rin. Bílẹ́ńdà gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí rẹ̀, torí ègé píà kékeré kan ṣoṣo tí kò kúnná á tú gbogbo àṣírí. Bó bá jẹ́ chia lò ń lò, tún un rò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún kó má bàa dì pọ̀, kí o sì jẹ́ kó mu omi yó kó tó dé ọ̀fun ẹnikẹ́ni.

Wákàtí méjì nínú fíríìjì tó. Òtútù máa ń pa adùn mọ́ ahọ́n lára, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa ń tọ́ ọ wò tí yóò sì sáré bu oyin sí i. Gbé e jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ná kí o tó jẹ ẹ́, wàá rí i pé adùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ife kékeré ni mo máa ń bù ú sí, màá fi náílọ́ọ̀nù lẹ ojú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa kàn án, a ó sì ti jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀ kòkó yóò ṣì bo píà tó ti ń dúdú mọ́lẹ̀, ojú kò ní mọ̀, ahọ́n ni yóò kọ́kọ́ sọ.