Ọmọ tó ń fò kiri láago mẹ́wàá alẹ́, oorun ló ń kùn ún

Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, a ta àtíbàbà síwájú ilé wa ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 4, ti jí láti aago márùn-ún ìdájí kí wọ́n tó gbéra ní Èkó. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, ó ń pòyì yí àga oníke ká bí òkòtó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣí fìlà lórí àwọn àgbàlagbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí àwọn gbé e wọlé. Màámi ní: "Fi í sílẹ̀ o jàre. Ṣé ojú ẹni tí oorun ń kùn nìyẹn? Tó bá rẹ̀ ẹ́, á sùn fúnra ẹ̀."

Kò pẹ́ sígbà yẹn, ẹnì kan bá a já ọ̀rá bisikíìtì ẹ̀. Ọmọ bú sẹ́kún, ó ń yí gbiri nílẹ̀: òun fẹ́ já a fúnra òun! Wọ́n fún un ní òmíràn tí wọn ò já, ó ju ìyẹn náà nù. Àbúrò bàbá mi kan ti ń wá pàṣán.

Ohun tí Màámi sọ yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́, òdì sì ni. Àgbàlagbà tí oorun ń kùn á rọ jọwọrọ, á máa tòògbé. Ọmọdé kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Apá iwájú ọpọlọ, tó ń bá wa kó ara wa níjàánu, kò tíì gbó lórí ọmọdé, àìsùn sì tètè máa ń mú un. Tí ìjánu yẹn bá ti tú, ẹ̀rín àti ẹkún ò jìnnà síra wọn mọ́. Ìgbà tí oorun kọ́kọ́ dé ni ọmọ máa ń dákẹ́: á fọwọ́ ra ojú, á fa etí, á tẹjú mọ́ ọ̀ọ́kán láìwo nǹkan kan. Ariwo sípíkà ni kì í jẹ́ ká fura. Àsìkò yẹn ló rọrùn jù láti tẹ́ ẹ sùn. Tó bá ti kọjá, ìjà ló kù.

Iná náà ń dá kún un. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ara wa máa ń sun omi kan tí wọ́n ń pè ní melatonin, òun ló ń kéde oorun. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Colorado, ní Amẹ́ríkà, tan iná tó mọ́lẹ̀ gan-an sí àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 fún wákàtí kan kí wọ́n tó sùn. Melatonin wọn lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ mẹ́wàá péré ni wọ́n lò o, àmọ́ ẹ wo àwọn glóòbù tí à ń so mọ́ àtíbàbà.

Àwọn kan á ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń gùn ún. Ṣúgà ò jẹ̀bi tó bá a ṣe ń rò ó. Lọ́dún 1994, àwọn olùṣèwádìí méjì, Hoover àti Milich, sọ fún àwọn ìyá kan pé ọmọ wọn ti mu ṣúgà, irọ́ sì ni. Síbẹ̀, àwọn ìyá yẹn ní ara ọmọ àwọn ò balẹ̀. Coke ni kẹ́ ẹ ṣọ́, torí kaféènì inú ẹ̀. Ìyẹn ń lé oorun lóòótọ́.

"Tó bá pẹ́ sùn, á pẹ́ jí" ńkọ́? Níbo? Nílé ọdún? Ara ọmọ ti mọ àsìkò tó máa ń jí, àkùkọ ń kọ, wọ́n ń lọ ata, ìyá àgbà ń lu agogo àdúrà àárọ̀. Ọmọ ọdún 3 sí 5 nílò oorun wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, oorun ọ̀sán pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò 9 sí 12. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó sùn láago méjìlá òru tó jí láago mẹ́fà ti jẹ gbèsè wákàtí mẹ́rin.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣọdún o. Oorun ọ̀sán ni mo gbójú lé jù: láago méjì, ẹ gbé e lọ sí yàrá tó jìnnà sí sípíkà, ẹ fa kọ́tìnì, ẹ tẹ́ ẹní. Ní ti ìsìn àìsùn ọjọ́ 31, ẹ jẹ́ kó ti sùn láti aago méje, kẹ́ ẹ wá jí i tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ẹ mú ẹní àti aṣọ tó nípọn dání, ọyẹ́ ń mú, kó máa sun ìyókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Kò sẹ́ni tó ní dandan ni kọ́mọdé lajú wọ ọdún tuntun.

Ẹ̀gbọ́n mi gba ọmọ wọn lọ́wọ́ pàṣán, wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lẹ́sẹ̀, wọ́n paná. "Mi ò sùn! Mi ò sùn!" Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí igbe yẹn fi di híhanrun. Màámi yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ò rí i? Ṣebí mo sọ fún yín pé tó bá rẹ̀ ẹ́, á sùn."